Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí Ẹnìkan Dá Ẹjọ́ Kókó Ọyàn

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àǹtí, ẹ̀yin àbúrò wa obìnrin, bí dókítà bá fọwọ́ kan kókó tó wà lọ́yàn yín, tó ní kò sí nǹkan níbẹ̀, ẹ kí i pé ó ṣeun, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tó fi mọ̀. Bí dókítà mìíràn bá ní jẹjẹrẹ ni, pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun máa gé ọyàn náà, ẹ kí òun náà pé ó ṣeun, kí ẹ sì ní kó jẹ́ kí dókítà kejì bá yín wò ó kí ọ̀bẹ tó kan ara. Ohun tí mo ń tìtorí rẹ̀ ké sí gbogbo obìnrin ilẹ̀ Yorùbá nìyí. Mo sì ń ké sí ọkọ, ọmọ, pásítọ̀, àlùfáà àti ìyálọ́jà tó yí wọn ká pẹ̀lú.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ fún wa: agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. A kì í gbà kí baálẹ̀ gbọ́ ẹnu ẹnìkan kó sì dá ẹjọ́ ààlà oko. Síbẹ̀ a máa ń gbà kí ọwọ́ kan ṣoṣo, láìsí ẹ̀rọ, láìsí láàbù, dá ẹjọ́ ẹ̀mí ìyá ọlọ́mọ, kí gbogbo ilé sì wí pé “dókítà ti sọ̀rọ̀.”

Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ṣe tóbi tó. Ní 2022, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ ọyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà lọ́dún yẹn lé ní 32,000, àwọn tó sì bá a lọ lé ní 16,000. Kò sí jẹjẹrẹ mìíràn tó ń mú obìnrin wa tó o. Bẹ́ẹ̀, àrùn tí ìwòsàn ń ràn ni, bí a bá tètè ká a mọ́. Ohun tó ń jẹ́ kó máa borí wa ni pé ọ̀pọ̀ obìnrin kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè tọ́jú wọn àfi nígbà tó bá ti wọ ìpele kẹta tàbí ìkẹrin.

A máa ń di ẹ̀bi yìí ru obìnrin. A ní ó tijú, a ní ó ń pa á mọ́, a ní ilé àdúrà ló kọ́kọ́ gbà lọ. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́ náà nìyẹn. Púpọ̀ nínú wọn ló tètè jáde. Wọ́n ti fi kókó náà han nọ́ọ̀sì, wọ́n ti fi han ẹni tó ń ta oògùn nínú kẹ́mísì, wọ́n ti fi han dókítà ọsibítù kékeré tó wà ládùúgbò. Ẹnu ẹni àkọ́kọ́ yẹn ló dá wọn padà sílé.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ fún wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Wàrà ló dì.” Wàrà máa ń dì lóòótọ́, ọyàn ìyá ọlọ́mọ sì máa ń kó ọyún. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ máa ń mú aláboyún, ó sì ń mú ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn. Bí ẹ bá ti lo oògùn tí wọ́n fún yín tán, tí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, tí kókó náà ṣì wà níbi tó wà, ọ̀rọ̀ wàrà ti tán nílẹ̀. Àyẹ̀wò ló kù.

“O ṣì kéré, kì í mú ọmọdé.” Ní ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ obìnrin tí àrùn yìí ń mú ni kò tíì pé 50 ọdún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó lọ di àgbà oníṣègùn ní Yunifásítì Chicago, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bá àwọn onímọ̀ Ìbàdàn ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an: ìdí tí jẹjẹrẹ ọyàn fi ń bá obìnrin aláwọ̀ dúdú ní kékeré, àti ìdí tí irú èyí tó ń mú wọn fi máa ń le. Ẹni ọdún 28 tó bá rí kókó lọ́yàn rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí àyẹ̀wò bíi ti ẹni ọdún 60.

“Ṣé ó ń dùn ẹ́? Kò dùn ẹ́? Má dára ẹ láàmú.” Ọ̀rọ̀ yìí ló burú jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé kókó jẹjẹrẹ kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Kí ó tó di pé ó ń dunni, ó ti lè rìn jìnnà.

“A ti yọ ọ́, ó ti tán.” Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n máa ń la ọyàn, tí wọ́n á yọ kókó inú rẹ̀, tí wọ́n á rán ojú ibẹ̀, tí wọ́n á sì da kókó náà nù láìfi ránṣẹ́ sí láàbù. Nígbà tó bá tún yọ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí ti àkọ́kọ́ jẹ́. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ ohunkóhun lára yín láìjẹ́ pé ẹ ti béèrè láàbù tó ń lọ àti ọjọ́ tí èsì rẹ̀ máa jáde.

Ohun kan tún wà ní òdìkejì tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Púpọ̀ nínú kókó tó ń yọ lọ́yàn kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Omi lè kó jọ síbẹ̀; kókó mìíràn tí wọ́n ń pè ní fibroadenoma sì lè hù lọ́yàn ọ̀dọ́bìnrin, tí kò sì ní pa á lára. Nítorí náà dókítà kejì lè tú àṣírí àrùn tí ẹni àkọ́kọ́ kò rí, ó sì lè gba ọyàn tó dá ṣáṣá lọ́wọ́ ọ̀bẹ. Ọ̀nà méjèèjì ló fi wúlò.

Kí ni ẹjọ́ tó péye wá jẹ́? Àwọn tó mọ iṣẹ́ ọyàn máa ń kó ohun mẹ́ta pọ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n á fọwọ́ yẹ ọyàn méjèèjì àti abíyá wò, wọ́n á sì béèrè ìtàn ìdílé, ti ìyá àti ti bàbá. Wọ́n á ya àwòrán inú ọyàn: scan ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lò fún ọ̀dọ́, wọ́n á sì fi mammogram kún un fún ẹni tó ti tó 40 ọdún tàbí tó jù bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni biopsy: wọ́n á fi oògùn pa ojú ibẹ̀ kú, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀ nínú kókó náà lọ sí láàbù. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sọ ohun kan náà, ọkàn lè balẹ̀. Bí ọ̀kan bá ta ko èkejì, ẹjọ́ kò tíì parí. Ẹni tó bá sì ní abẹ́rẹ́ biopsy ló ń jẹ́ kí jẹjẹrẹ tàn kálẹ̀, ẹ má dá a lóhùn. Àìtètè mọ̀ ló ń jẹ́ kó tàn.

Èsì láàbù gan-an ní ẹlẹ́ẹ̀kejì tirẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ni kò sì mọ̀. Nígbà tí láàbù bá gba ẹran náà, wọ́n á fi ìda bò ó di búlọ́ọ̀kù kékeré, wọ́n á rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì, wọ́n á pa á láró, dókítà inú láàbù á sì wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Búlọ́ọ̀kù àti gíláàsì yẹn kì í ṣe pàǹtí. Láàbù tó mọṣẹ́ máa ń tọ́jú wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ lè ní kí wọ́n kó wọn fún yín, kí ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá mìíràn, kí dókítà mìíràn tún wọn wò láìtún gún yín lábẹ́rẹ́. Kí ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò ER, PR àti HER2. Àwọn mẹ́ta yìí ló ń sọ irú oògùn tí jẹjẹrẹ náà máa gbọ́. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú láìṣe wọ́n, àbá ló ń dá.

Ta ni nínú wa tó máa ra pulọ́ọ̀tì kan ní Ìkòròdú lórí ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ nìkan? A ó mú awọnlẹ̀ lọ, a ó gbé ìwé lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba ní Àlàúsá, a ó ní kí lọ́yà kà á, a ó sì rọra bi àwọn ará àdúgbò. Ọmọ onílẹ̀ náà kò ní bínú, nítorí ó mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ra ilẹ̀ nìyẹn. Dókítà tó mọṣẹ́ náà kì í bínú. Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í dá ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ro: nínú ọsibítù ńlá tó bá ní ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní tumour board, oníṣẹ́ abẹ, dókítà jẹjẹrẹ, dókítà tó ń ka àwòrán inú ara àti dókítà láàbù máa ń jókòó papọ̀ lórí aláìsàn kan ṣoṣo. Bí àwọn fúnra wọn bá ń wá ẹnu kejì, kí ló dé tí ojú fi ń ti àwa?

Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá yọ lẹ́nu yín, ẹ sọ ọ́ báyìí: “Dókítà, ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí dókítà mìíràn bá wa wò ó kún tiyín. Ẹ bá mi kọ lẹ́tà, kí ẹ sì fún mi ní èsì àyẹ̀wò mi, fíìmù mi àti búlọ́ọ̀kù mi.” Kò sí àrífín níbẹ̀. Òfin pàápàá wà lẹ́yìn yín. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 sọ pé ẹni tó ń tọ́jú yín gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ipò ara yín, àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tó wà, ewu rẹ̀ àti iye owó rẹ̀, ní èdè tó yé yín. Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí Igbákejì Ààrẹ ìgbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, fi lọ́lẹ̀ ní July 2018 sọ ọ́ pé aláìsàn ní ẹ̀tọ́ sí àkọsílẹ̀ ìlera rẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ èdè tí kò yé yín, ẹ ní kí wọ́n fi Yorùbá sọ ọ́.

Níbo lẹ máa lọ? Ẹ lọ síbi tí ìmọ̀ ti ju ti àkọ́kọ́ lọ, tàbí tó bá a dọ́gba. UCH wà ní Ìbàdàn. LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, ibẹ̀ ni wọ́n ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH sí ní 2019. OAUTHC wà ní Ilé-Ifẹ̀, UITH wà ní Ìlọrin, LASUTH wà ní Ìkẹjà. Bí ìyanṣẹ́lódì bá dé ọ̀kan nínú wọn, ẹ má dúró dè é, ẹ kọjá sí òmíràn. Ẹ má lọ ní ẹ̀yin nìkan. Ẹ mú ẹnìkan tó lè kọ nǹkan sílẹ̀ dání, nítorí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í gbọ́ ju ìdajì ọ̀rọ̀ lọ.

Gàní Fawẹ̀hínmi, lọ́yà ọmọ Oǹdó tí kò bẹ̀rù ìjọba ológun kankan, kú lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ní September 2009. Ó sọ ọ́ ní gbangba nígbà ayé rẹ̀ pé àìsàn mìíràn ni wọ́n ń tọ́jú fún òun nílé kí àwọn dókítà London tó rí ohun tó ń ṣe òun. Bí irú èèyàn bẹ́ẹ̀, tó lówó, tó mọ̀wé, tó lórúkọ, bá lè bọ́ sọ́wọ́ àṣìṣe ẹnu kan, kí la máa sọ nípa aláta tó wà ní Bódìjà? Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí aláta yẹn bá wọ ọkọ̀ òfuurufú. Dókítà kejì tirẹ̀ kò jìnnà ju owó ọkọ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa fi ìpè yìí ṣe àwáwí, nítorí náà mo fẹ́ fi ààlà sí i. Wíwá dókítà kejì kò túmọ̀ sí pé kí ẹ máa kiri títí ẹ ó fi rí ẹni tó máa sọ ohun tó dùn mọ́ yín nínú. Wòlíì kọ́ ni dókítà kejì. Alágbo kọ́ ni. Ẹni tó ń polówó oògùn lórí rédíò kọ́ ni. Ẹ gbàdúrà lọ sí ọsibítù, ẹ gbàdúrà bọ̀, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè ka ohun tó wà lórí gíláàsì láàbù kò lè dá ẹjọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sì ní ọfà ayé ni, ẹ ní kó dúró de èsì biopsy ná.

Ìgbà náà tún ní ìwọ̀n. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ètò tó dá sílẹ̀ lórí jẹjẹrẹ ọyàn ní 2021, ní láàárín 60 ọjọ́ sígbà tí obìnrin bá kọ́kọ́ dé ọsibítù, ó yẹ kó ti mọ ohun tó ń ṣe é, kí ìtọ́jú sì ti bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ bá fi wá dókítà kejì kì í sábà ba nǹkan jẹ́. Oṣù mẹ́fà tí ẹ bá fi ń rò ó ló ń pani. Bí dókítà méjèèjì bá fẹnu kò, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá dọ́gba, ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn léèrè ohun tó rí tó fi sọ ohun tó sọ, kí ẹ sì ní kí wọ́n gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ dókítà ní ọsibítù ńlá. Ibẹ̀ ni kí ẹjọ́ parí sí. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ kejì kì í sọ pé àrùn kò sí. Ó lè sọ pé kókó nìkan ni kí wọ́n yọ, kí ọyàn wà níbẹ̀, tàbí pé kí oògùn kọ́kọ́ sún kókó náà kì kí iṣẹ́ abẹ tó tẹ̀ lé e. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn láyé obìnrin.

Ẹ má rò pé ẹni tí wọ́n bá ti pe orúkọ àrùn yìí mọ́ ti parí ayé rẹ̀. Betty Anyanwu-Akeredolu, aya gómìnà Oǹdó tẹ́lẹ̀, ní jẹjẹrẹ ọyàn, ó gba ìtọ́jú, ó sì dá BRECAN, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ọyàn, sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1997. Lẹ́yìn ohun tó ju 20 ọdún lọ ó ṣì ń bá obìnrin sọ̀rọ̀ nípa ọyàn wọn.

Nísinsìnyí, ohun tí mo fẹ́ kí olúkúlùkù ṣe.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ máa yẹ ọyàn yín wò lóṣooṣù lẹ́yìn nǹkan oṣù. Kókó, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ lórí ọmú, orí ọmú tó wọnú lójijì, awọ tó ń sún kì, kókó lábẹ́ abíyá: bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ lọ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ ra fáìlì kan, kí ẹ máa kó gbogbo ìwé yín sínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má bi í pé “ta ló ní kó o lọ?” Ẹ bi í pé “kí ni wọ́n fi mọ̀?” Kí ẹ sì bá a lọ. Ẹ rántí pé ọkùnrin náà ní ọyàn, jẹjẹrẹ rẹ̀ a sì máa mú wa, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ẹ̀yin Àlásàlátù, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ẹ̀rù owó ló ń ba ọ̀pọ̀ obìnrin ju ẹ̀rù àrùn lọ. Ẹ ya owó sọ́tọ̀ nínú àpò ẹgbẹ́ fún scan àti biopsy ọmọ ẹgbẹ́. Bí a bá lè dá owó aṣọ ẹbí fún òkú, ẹ jẹ́ ká dá a fún alààyè. Ẹ yan obìnrin méjì tó láyà, tó lè ka ìwé, tí yóò máa tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ bá dókítà kejì.

Ẹ̀yin dókítà àti onílé ìwòsàn aládàáni, ẹ má ṣe yọ kókó kankan láìfi ránṣẹ́ sí láàbù. Kí aláìsàn tó béèrè ni kí ẹ ti sọ fún un pé ó lè gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kún tiyín. Ẹ̀yin oníṣẹ́ rédíò, ẹ yé ta àkókò fún ẹni tó ń ní òun ní àgbo tó ń wo gbogbo jẹjẹrẹ sàn. Ẹ̀yin gómìnà àti ọmọ ilé aṣòfin, ẹ sọ fún wa ní gbangba bóyá ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ yín ń san owó biopsy àti ER, PR, HER2. Bí kò bá san án, ẹ fi sí i. Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè yìí nígbà tí wọ́n bá tún wá tọrọ ìbò.

Ìpàdé ẹgbẹ́ yín tó ń bọ̀ ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnìkan dìde kó béèrè pé: “Ta ni nínú wa tí wọ́n sọ fún pé kò sí nǹkan, tí kò sì rí ìwé láàbù kankan?” Ẹni tó bá nawọ́, ẹ mú un lọ sí ọsibítù kejì kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí.